Ìsun Wikki: Omi Lọ́wọ́ọ́wọ́ Inú Igbó Yankari

Wikki jẹ́ ìsun omi lọ́wọ́ọ́wọ́ kan nínú igbó Yankari, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alkaleri, ìpínlẹ̀ Bauchi. Abẹ́ ògiri òkúta kan tó ga, tó sì dúró ṣánṣán, ni omi náà ti ń tú jáde. Ó tẹ́jú níbẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà 13, ibi tó jìn jù nínú rẹ̀ ò sì tó mítà 2. Láti ibẹ̀ ló ti ń ṣàn lọ bíi 600 mítà kó tó wọ inú odò Gaji. Ọ̀sán ni o, òru ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, òjò ni o, ìgbóná rẹ̀ kì í kúrò ní nǹkan bíi 31 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Iyanrìn tó mọ́ ló wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, omi náà sì mọ́ gaara débi pé ẹni tó dúró ní bèbè lè ka ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹni tó wà láàárín omi.

Igbó tó yí ìsun yìí ká fẹ̀ tó 2,244 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ẹni tó bá ń ti ìlú Bauchi bọ̀ yóò gba ọ̀nà Gombe, yóò yà ní Dindima, yóò dé ẹnu géètì ní Mainamaji, yóò sì tún wakọ̀ bíi 40 kìlómítà nínú igbó kó tó gbúròó omi. Àpapọ̀ ìrìn náà lé ní 100 kìlómítà. Láti ẹnu géètì dé ibi ìsun, kò sí ìlú, kò sí ọjà, kò sí oko.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ lè rò pé ẹsẹ̀ ènìyàn ò kan ilẹ̀ yẹn rí kí ìjọba tó la ọ̀nà sí i. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Àwọn ènìyàn ti gbé igbó Yankari, wọ́n ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ti sá pamọ́ síbẹ̀, kí wọ́n tó kúrò tí ewéko àti ẹranko fi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Jíjìnnà tí Wikki jìnnà sí ìlú lónìí, ogun, eṣinṣin àti òfin ló dá a sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bí omi náà ṣe ń móoru

Orí òkúta iyanrìn ni Yankari tẹ́ sí. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè é ní òkúta Kerri-Kerri, láti ara orúkọ àwọn Karekare tí ilẹ̀ wọn wà lápá àríwá ibẹ̀. Ó ti lé ní 50 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn tí odò àti adágún kó iyanrìn náà jọ ní ìpele-ìpele, kó tó di pé ó dì. Kò le bí àpáta Olúmọ tàbí ti Ìdànrè. Irin iṣẹ́ tó mú lè gbẹ́ ẹ, omi sì ń rí ọ̀nà gbà láàárín hóró rẹ̀.

Oṣù karùn-ún ọdún sí oṣù kẹwàá ni òjò ń rọ̀ ní Yankari. Omi òjò náà ń wọ inú òkúta yìí lọ sísàlẹ̀, bó sì ṣe ń jìn sí i ni ilẹ̀ ń móoru sí i. Lọ́pọ̀ ibi láyé, ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀ jìn tó kìlómítà kan yóò rí i pé ìgbóná ti fi nǹkan bíi 25 sí 30 lé ti òkè. Ojú ilẹ̀ Bauchi fúnra rẹ̀ ti móoru tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò pọn dandan kí omi Wikki jìn lọ títí kó tó dé ìwọ̀n 31. Nígbà tó bá rí ibi tí òkúta ti sán, omi tó ń bọ̀ lẹ́yìn á tì í gòkè. Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tó ń gbà gùn, ìgbà tó ń lò níbẹ̀ sì pọ̀, ìdí nìyí tí òtútù ọyẹ́ tàbí oòrùn oṣù kẹta kì í fi í yí ìgbóná rẹ̀ padà.

Lẹ́sẹ̀ ògiri òkúta náà, iṣẹ́ omi ṣeé fi ojú rí. Kì í ru, kì í sì í pariwo bí ọ̀sọ̀rọ̀. Abẹ́ òkúta tó yọ síta ló ti ń tì bọ̀ wá, ó ń gbé iyanrìn ìsàlẹ̀ sókè, iyanrìn náà á yí po, á padà sílẹ̀, omíràn á tún dìde. Ẹni tó bá lúwẹ̀ẹ́ dé ẹnu ibẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n lára pé omi ń tì í sẹ́yìn. Ìṣirò tó wà nínú ìwé nípa Yankari ni pé omi tó ń jáde ní Wikki tó 21 mílíọ̀nù lítà lójúmọ́. Tánkà omi tó ń gba 10,000 lítà yóò kún ní ìgbà 2,100 láàárín ọjọ́ kan.

Àwọn òǹkàwé Yorùbá tó mọ Ìkọ̀gòsì ní ìpínlẹ̀ Èkìtì mọ irú omi bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì ṣá o. Àárín òkúta líle tó ti sán ni omi Ìkọ̀gòsì ń gbà, ìsun gbígbóná àti ìsun tútù ló sì ń pàdé níbẹ̀. Ẹ̀bá ìlú ni Ìkọ̀gòsì wà, àwọn ènìyàn sì ń gbé tì í. Wikki kò ní ìlú kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kì í sì í ṣe òun nìkan ló ń móoru nínú igbó náà: Gwana, Dimmil àti Nawulgo wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìgbóná wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Wikki dọ́gba. Ìsun karùn-ún wà tó jẹ́ pé omi rẹ̀ tutù.

Àwọn tó ń yọ irin

Àmì iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn tó pọ̀ jù lọ nínú igbó Yankari ni ti àwọn tó ń yọ irin. Ní ibi tí wọ́n ń pè ní Shau-Shau, nǹkan bíi 60 ìléru amọ̀ ṣì wà lórí ìdúró. Irú iye ìléru bẹ́ẹ̀ lójú kan kì í ṣe iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ abúlé kan tó ń rọ ọkọ́ fún àwọn ará ilé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló wà nídìí rẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń yọ níbẹ̀ yóò ti pọ̀ ju èyí tí abúlé kan lè lò lọ.

Bí irú ìléru bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣàjèjì sílẹ̀ Yorùbá, nítorí pé wọ́n ń yọ irin ní agbègbè Ọ̀yọ́ àti ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn kí irin òyìnbó tó dé. Wọ́n á fi amọ̀ mọ ọ̀wọ̀n tó ṣófo nínú, wọ́n á dá ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Láti òkè ni wọ́n ti ń da èédú àti òkúta irin sínú rẹ̀, ìpele èédú, ìpele òkúta. Iná á máa jó fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ooru náà á yọ ìdọ̀tí òkúta kúrò lára irin, ìdọ̀tí náà á ṣàn wá sísàlẹ̀, bó bá sì ti tutù, á di ìdàrọ́. Irin tó kù nínú ìléru á dì sí ògúlùtu kan, wọ́n á fọ́ ẹnu ìléru, wọ́n á fà á jáde, wọ́n á sì lù ú títí tí ìyókù ìdọ̀tí á fi bọ́ lára rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí ń béèrè: òkúta irin, igi tí wọ́n á fi sun èédú, àti omi. Òkúta tó ní irin nínú wà lórí àwọn òkè Yankari. Igi pọ̀. Omi tí kì í gbẹ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn sì wà nínú àwọn ìsun àti nínú odò Gaji. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó rò ó láti wá wẹ̀ ní Yankari fún ìgbafẹ́, omi ibẹ̀ ti jẹ́ ohun èlò fún àwọn oníṣẹ́: òun ni wọ́n ń mu, òun ni wọ́n fi ń po amọ̀, òun náà sì ni wọ́n fi ń wẹ eruku èédú kúrò lára.

Ihò òkúta àti kànga

Yàtọ̀ sí ìléru, igbó náà tún ní ibùgbé tí ènìyàn gbẹ́ sínú òkúta. Ní ọdún 1980, P. J. Marshall rí 59 irú ihò bẹ́ẹ̀ lára ògiri òkúta iyanrìn, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi orúkọ rẹ̀ pe ibẹ̀. Iyàrá kan ṣoṣo làwọn kan nínú wọn. Àwọn mìíràn ní iyàrá tó ju ẹyọ kan lọ, wọ́n sì lu ògiri láti inú ọ̀kan sí èkejì. Ní Tunga Dutse, wọ́n gbẹ́ àmì sára ògiri òkúta, ó sì ṣì hàn ketekete.

Dukkey ni ibi tí kànga wà. Kànga 139 ni wọ́n kà níbẹ̀, wọ́n gbẹ́ wọn sínú òkúta, wọ́n sì fi ihò so wọ́n pọ̀ nísàlẹ̀ kí omi inú ọ̀kan lè máa lọ bá ti èkejì. Iṣẹ́ ńlá ni èyí. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé omi òjò kò ní í dúró lórí òkúta iyanrìn bí wọn ò bá pèsè ibi tí yóò dúró sí. Wọ́n sì fẹ́ kí omi wà ní ibi tí àwọn fúnra wọn yàn.

Àwọn ẹ̀yà kéékèèké ló yí igbó yìí ká: Duguri, Pali, Gwana àti àwọn mìíràn. Èdè Duguri jẹ́ ẹ̀yà èdè Jarawa, tó bá àwọn èdè Bantu tan. Kò sí ọba ńlá kan tó kó gbogbo wọn sábẹ́ ara rẹ̀. Èyí fi wọ́n sínú ewu nígbà tí jìhádì Shehu Usman dan Fodio dé agbègbè náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Yakubu, ọmọ ẹ̀yà Gere, ló gba àsíá ti Bauchi lọ́wọ́ Shehu. Nínú gbogbo àwọn tó gba irú àsíá yẹn, òun nìkan ni kì í ṣe Fúlàní. Ó tẹ ìlú Bauchi dó, ó sì di Ẹ́míà àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Láti ìgbà náà títí dé òpin ọ̀rúndún náà, àwọn ará òkè tí kò gba ẹ̀sìn Mùsùlùmí kò fi bẹ́ẹ̀ fojú kan oorun. Àwọn ẹlẹ́ṣin máa ń wá kó wọn lẹ́rú, wọ́n sì ń fi àwọn mìíràn lára wọn san ìṣákọ́lẹ̀. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ẹ̀bá odò, níbi tí ilẹ̀ ti dára jù fún oko, ni ibi tí ẹṣin ti lè sáré jù. Orí òkè àti inú ihò òkúta ni ẹṣin ò lè dé. Àwọn ènìyàn fi pẹ̀tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gun òkè. Àwọn kan lọ sí ibi tí àwọn abúlé wọn wà títí dòní, ní ẹ̀bá igbó. Báyìí ni àárín Yankari ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo, tí ìsun omi rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọdẹ àti ẹranko.

Ilẹ̀ tí ìjọba òyìnbó fojú fò

Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Bauchi ní 1902, wọ́n rọ Ẹ́míà Umaru lóyè, wọ́n sì fòpin sí ogun ìkónilẹ́rú. A lè retí pé àwọn ènìyàn á padà sí Yankari lẹ́yìn èyí. Wọn kò padà, ìdí méjì sì ni.

Èkíní ni eṣinṣin tsetse, tó pọ̀ ní ẹ̀bá odò Gaji. Eṣinṣin yìí ń gbé àìsàn tó ń pa màlúù, ó sì tún ń gbé àìsàn oorun ran ènìyàn. Ilẹ̀ tí oko ti parẹ́ tí igbó ti bò ni ó fẹ́ràn. Bí àwọn ènìyàn ṣe kúrò ni igbó kún, bí igbó ṣe kún ni eṣinṣin pọ̀, nígbà tí eṣinṣin sì pọ̀, kò sí Fúlàní darandaran tó fẹ́ kó agbo màlúù rẹ̀ kọjá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ ò lè sin ẹran síbẹ̀.

Èkejì ni pé ibi tí owó wà ni ìjọba àmúnisìn la ọ̀nà sí. Tánganran orí òkè Jos ni wọ́n ń wá. Ọ̀nà reluwé kékeré tí wọ́n fi orúkọ Bauchi pè, tó bẹ̀rẹ̀ láti Zaria, dé Jos ní 1914, ṣùgbọ́n kò dé ìlú Bauchi fúnra rẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ Yankari. Ọdún 1961 ni reluwé tó wọ ìlú Bauchi gan-an tó dé, nígbà tí wọ́n ń fa ọ̀nà náà lọ sí Maiduguri.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹranko ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Erin, ẹfọ̀n, kìnnìún, erinmi, ọ̀nì, ìmàdò àti oríṣiríṣi ẹtu ló gba ibi tí abúlé ti wà rí. Omi ló fà wọ́n. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin, òjò kì í rọ̀, ọ̀pọ̀ odò kéékèèké inú igbó á gbẹ. Odò Gaji kì í gbẹ, nítorí pé Wikki àti àwọn ìsun yòókù ń bù kún un lójoojúmọ́. Ẹranko tó bá fẹ́ rí omi mu láàárín ẹ̀ẹ̀rùn gbọ́dọ̀ sún mọ́ àfonífojì Gaji. Àwọn ọdẹ mọ èyí, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó náà sì wá mọ̀ ọ́n.

Bó ṣe di igbó ọba

Ní 1934, ìgbìmọ̀ kan ní Àríwá Nàìjíríà dámọ̀ràn pé kí wọ́n dá igbó kan sílẹ̀ fún ẹranko ní ilẹ̀ Ẹ́míà Bauchi, láti fi dán an wò. Ìmọ̀ràn náà pẹ́ nílẹ̀. Ẹni tó tún gbé e dìde ni Alhaji Muhammadu Ngeleruma, mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ohun àlùmọ́nì ní ìjọba Àríwá. Nígbà tó ń rìnrìn àjò hajj sí Mẹ́kà, ó rí irú igbó ẹranko bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Sudan, ó sì wù ú kí ilẹ̀ tirẹ̀ náà ní i.

Ìjọba Àríwá fọwọ́ sí i ní 1956. Ní 1957, wọ́n pààlà sí Yankari, wọ́n sì sọ ọ́ di igbó ọba lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Bauchi. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó láṣẹ láti dáko, láti ṣọdẹ tàbí láti gé igi níbẹ̀. Fún àwọn ará Duguri, Pali àti Gwana tí bàbá wọn ti ń dẹ igbó náà, ilẹ̀kùn kan tì nìyẹn. Ní ti ìjọba, kò nira láti yan ibẹ̀, nítorí pé kò sí ìlú ńlá kankan tí wọ́n ní láti ṣí nídìí láàárín igbó náà. Òfò tí ogun àti eṣinṣin ti mú wá ṣáájú ìgbà náà ló sọ iṣẹ́ wọn di ìrọ̀rùn.

Ibi tí wọ́n á kọ́ ibùdó àwọn àlejò sí kò gba àríyànjiyàn. Wikki ní omi mímu tí kì í tán, ó ní òkè tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ó sì wà ní ẹ̀bá odò tí ẹranko ń wá. Orí òkè tó kọjú sí ìsun náà ni wọ́n kọ́ àwọn ilé sí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì rí roboto, ní àfijọ ilé àwọn ará agbègbè náà. Wọ́n la ọ̀nà ẹsẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ibùdó wá sísàlẹ̀, wọ́n sì fi kọnkéré tẹ́ apá kan bèbè omi kí àwọn tó fẹ́ wẹ̀ lè rí ibi jókòó. Lápá kejì, ògiri òkúta àti igi tó dagun bo omi ni wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 1962 ni wọ́n ṣí Yankari fún àwọn ará ìlú. Ẹni tó jẹ́ olórí ìjọba Nàìjíríà nígbà yẹn, Abubakar Tafawa Balewa, ọmọ agbègbè Bauchi ni.

Ìgbà ìlúwẹ̀ẹ́

Àwọn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ní Jos, Kano àti Kaduna wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń lọ sí Wikki. Lẹ́yìn wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti àwọn ìdílé láti gúúsù tẹ̀lé, pàápàá jù lọ ní àwọn ọdún 1970 tí owó epo mú kí ọ̀dà dé ojú ọ̀nà, tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì pọ̀. Ètò ọjọ́ kan níbẹ̀ kò yí padà púpọ̀ láti ìgbà náà. Ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n to ìjókòó sí lẹ́yìn á gbé àwọn àlejò lọ wo ẹranko lẹ́bàá Gaji. Láàárín ọ̀sán, tí oòrùn bá mú tí ẹranko ti wọ abẹ́ igi, inú omi ni wọ́n máa ń lọ. Nígbà tí iná mànàmáná dé, wọ́n gbé gílóòbù sí etí omi, àwọn ènìyàn sì ń wẹ̀ níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú dáadáa.

Nígbà ọyẹ́ ni omi Wikki ń fi ara rẹ̀ hàn jù. Ní òwúrọ̀ oṣù kìíní, afẹ́fẹ́ Yankari lè tutù débi tí wọ́n á máa fi aṣọ òtútù jáde, omi sì wà ní 31 tirẹ̀. Ooru á máa rú lójú rẹ̀ bíi ti ìkòkò ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó wà nínú omi kì í fẹ́ jáde, nítorí pé ìta ni òtútù wà. Ibi tó jìn jù, lẹ́sẹ̀ òkúta, ni àwọn tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ ń lọ. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n á dúró níbi tó dé wọn ní ìbàdí, tàbí kí wọ́n na ara lé omi kó máa gbé wọn lọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹranko kò fi omi náà sílẹ̀ fún ènìyàn nìkan. Àwọn ọ̀bọ ńlá ẹlẹ́nu gígùn tí Hausa ń pè ní gwaggo gba orí òkè náà bí ilé. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá wọ omi yóò fi báàgì rẹ̀ sílẹ̀ ní bèbè, wọ́n sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń wá, ṣùgbọ́n báàgì lódindi ni wọ́n ń gbé gun igi, ibẹ̀ ni wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n á sì ju ohun tí wọn kò fẹ́ sílẹ̀. Ìmàdò ń rìn láàárín àwọn ilé ní ọ̀sán gangan. Erin náà máa ń dé ẹ̀bá ibùdó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí wọ́n bá sì dé, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó á ní kí gbogbo ènìyàn dúró sínú ilé.

Láti ọwọ́ ìjọba kan sí òmíràn

Ọwọ́ tó ń bójú tó Yankari yí padà lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí wọ́n pín orílẹ̀-èdè sí ìpínlẹ̀ ní 1967, ó bọ́ sábẹ́ ìpínlẹ̀ North-Eastern. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Bauchi sílẹ̀ ní 1976, ó di ti Bauchi. Ní 1991, òfin ológun nọ́ńbà 36 sọ ọ́ di ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀. Ní 2006, ìjọba àpapọ̀ dá a padà fún ìpínlẹ̀ Bauchi.

Ẹranko rí ìyà ní àwọn ọdún yẹn. Àjàkálẹ̀ àrùn màlúù tó jà ní Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 pa ọ̀pọ̀ ẹfọ̀n inú igbó náà. Àwọn tó ń yọ́ wọlé ṣọdẹ ń pa erin nítorí eyín. Oògùn àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń fà wá wọ́pọ̀, èyí sì mú kí àwọn darandaran lè da màlúù wọ ibi tí àwọn bàbá wọn ò lè dé. Ní nǹkan bí 2005, wọ́n fojú bù ú pé erin tó wà ní Yankari tó 350. Iye náà ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 100 báyìí, síbẹ̀ ó ṣì wà lára agbo erin tó pọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà. Ní 2014, ìpínlẹ̀ Bauchi àti àjọ Wildlife Conservation Society fọwọ́ sí àdéhùn láti jọ máa bójú tó igbó náà. Wọ́n kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́, wọ́n fún wọn ní ohun èlò láti máa fi tọpa ara wọn àti àwọn ọdẹ, pípa erin sì dínkù gidigidi.

Àwọn àlejò pàápàá dínkù, nítorí ìdí mìíràn. Oṣù keje ọdún 2009 ni ìjà Boko Haram kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Bauchi kó tó tàn dé Maiduguri. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà já ọgbà ẹ̀wọ̀n Bauchi. Ọ̀nà Yankari kò jóná, ṣùgbọ́n orúkọ àríwá ìlà-oòrùn lásán ti tó láti dá àwọn ará Èkó, Ìbàdàn àti Àbújá dúró sílé. Àwọn ilé tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti tún ṣe ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn wá ń dúró de àlejò.

Àwọn ìsun tí kò ní ibùdó

Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ fún ìgbafẹ́ ní Yankari, ẹ̀bá Wikki ni wọ́n kọ́ ọ sí. Gwana, Dimmil àti Nawulgo kò rí kọnkéré, wọn kò rí gílóòbù, àlejò tó bá sì fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀ tó lè wọ ọ̀nà iyanrìn, kó sì bá ẹ̀ṣọ́ igbó tó ní ìbọn rìn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìrìn bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe jù, nítorí pé òjò ń sọ ọ̀pọ̀ ọ̀nà inú igbó di ẹrẹ̀, koríko sì máa ń ga ju ènìyàn lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan náà ni erin àti ẹfọ̀n ń wá omi, kò sì sí ẹni tó yẹ kó lọ síbẹ̀ láìsí ẹni tó mọ ìrìn wọn.

Àǹfààní wà nínú bí wọ́n ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Omi gbogbo ìsun wọ̀nyí ń wá láti inú òjò tó rọ̀ sórí òkúta iyanrìn, bí wọ́n bá sì gé igi orí òkúta náà tàbí tí wọ́n sọ ọ́ di oko àti ìlú, ohun tí òjò bá gbé wọlẹ̀ ni yóò jáde nínú omi. Pé omi Wikki mọ́ lónìí, ọlá pé igbó tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò ní oko àti ìlú lórí rẹ̀ ni. Láyé ọjọ́un, ìbẹ̀rù àwọn ẹlẹ́ṣin àti eṣinṣin tsetse ló ń lé àgbẹ̀ àti darandaran jìnnà sí ibẹ̀. Lónìí, òfin igbó ọba àti ìwọ̀nba àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ọ ló kù fún iṣẹ́ náà.